Orúnkún Alùpùpù Àtijọ́

Bí a bá rí àgbàlagbà kan tí ó ń ti ọjà bọ̀, tí ó ń tiro, tí ó sì ń di ògiri mú kí ó tó lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bú bàtà rẹ̀ nínú wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé orúnkún ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù wa bá ń tiro, tí iwájú rẹ̀ ń forí sọlẹ̀ ní gbogbo kòtò láti Èjìgbò títí dé Ògbómọ̀ṣọ́, táyà ni a kọ́kọ́ ń bú, lẹ́yìn náà a ó bú ọ̀nà, bí a bá sì délé láìtíì bú ìjọba, a jẹ́ pé ọ̀nà náà kò jìn ni. Orúnkún alùpùpù ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, èyíinì ni irin gbọọrọ méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ṣọ́ọ̀kì iwájú, tí àwọn mìíràn ń pè ní fọ́ọ̀kì, àti bí ẹni tí ó ní sùúrù ṣe lè tú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì tò ó padà lábẹ́ òrùlé ara rẹ̀.

Alùpùpù kan wà nílé mi ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Honda CG125 ni. Pupa ni nígbà kan rí, ṣùgbọ́n oòrùn àti òjò ti fọ àwọ̀ náà títí ó fi dà bí ètè ẹni tí ó jẹ obì lánàá. Bàbá mi, tí ó jẹ́ tíṣà, ni ó rà á, orí rẹ̀ ni ó sì ti ń gbé èmi àti àbúrò mi, àpò ìwé kan, àti iṣu mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí àwọn òbí ọmọ ilé-ìwé bá fi ta á lọ́rẹ, gba ọ̀nà erùpẹ̀ kọjá, débi pé bí mo bá gbọ́ ìró irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ lónìí, ọwọ́ mi á máa wá ẹ̀yìn ẹnìkan tí yóò rọ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá papò dà, a pín ilẹ̀, a pín aṣọ, kò sí ẹni tí ó béèrè alùpùpù. Èmi ni mo fà á jáde lẹ́yìn ilé, pẹ̀lú adìẹ kan tí ó ti yé ẹyin sórí ìjókòó rẹ̀ tí kò sì fẹ́ dìde fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú alùpùpù yìí jáde. Ohun tí ó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣe é ni pé wọn kò jókòó sí Japan kí wọ́n máa fi ọgbọ́n orí wọn nìkan ṣe é. Wọ́n rán àwọn ẹnjiníà wọn lọ sí àwọn ilẹ̀ Éṣíà kan láti lọ wo bí mẹ̀kúnnù ṣe ń lo alùpùpù, wọ́n sì rí i pé ẹrù tí ó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ ni a ń dì lé e lórí, pé a kì í rántí pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dúdú bí omi aró, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì ń lọ, kò sí ẹni tí ń wo abẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ṣe ẹ́ńjìnnì tí ó lè fara da irú ìlò bẹ́ẹ̀. Ní 1979, Honda dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, kí a lè máa to alùpùpù nílé wa níbí. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fún ní ìfaradà yẹn o. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ṣọ́ọ̀kì tí epo inú rẹ̀ kì í gbó.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo ilé ní ṣe àpèjúwe. Àgbègbè Èjìgbò ni a wà, níbi tí Òrìṣà Ògìyán ti jẹ́ òrìṣà ìlú, òrìṣà tí iyán wà nínú orúkọ rẹ̀ gan-an, nítorí náà kò sí ẹni tí ó ṣàjèjì sí odó láàrin wa. Ṣọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan, odó kan ni àti ọmọ odó kan. Ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ alùpùpù so mọ́, ni odó wà, ó gùn, ó sì ṣófo nínú. Láti òkè, níbi tí hándù wà, ni ọmọ odó ti ń sọ̀ kalẹ̀, irin tí a fi kóróòmù bò tí ó ń dán gbinrin, tí ó ń wọ inú odó náà lọ tí ó sì ń jáde bọ̀. Ọmọ odó yìí pẹ̀lú ṣófo, inú rẹ̀ ni sípíríìnì gígùn kan wà, òun ni ó ń ru ènìyàn àti ẹrù rẹ̀. Epo sì wà nísàlẹ̀.

Nígbà tí táyà bá gun òkúta, odó á sáré gòkè pàdé ọmọ odó, sípíríìnì á sún kì, epo á sì gba ojú ihò tí wọ́n lu sára ọ̀pá kan tí ó wà nínú níbẹ̀ kọjá. Bí sípíríìnì bá wá fẹ́ ta padà bí ó ti wù ú, epo yìí kan náà ni yóò tún kọjá, ṣùgbọ́n ihò tí ó kéré ju ti ìṣáájú lọ ni yóò gbà lọ́tẹ̀ yìí, kò sì ní lè sáré. Sípíríìnì ń gbé wa, epo ń pẹ̀tù sí sípíríìnì nínú. Ẹni tí ó bá ti gun alùpùpù tí epo ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ti tán rí kò nílò àlàyé mi: bí ewúrẹ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn ni iwájú rẹ̀ ń ṣe, ó ń fò nígbà tí kò sí ohun tí a ní kí ó fò.

Kì í ṣe báyìí ni wọ́n bá a láti ìbẹ̀rẹ̀. Lára àwọn alùpùpù ayé ìgbà kan, gbangba ìta ni sípíríìnì máa ń wà níwájú, láàrin àwọn irin tí ń ká tí ń nà bí àga ìnàyìn, kò sì sí epo tí ń tù ú nínú. Ọdún 1935 ni BMW ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta R12, tí ó fi epo dá sípíríìnì lẹ́kun nínú odó irin. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá gba ọgbọ́n náà káàkiri, tí BSA Bantam ti 1948, alùpùpù kékeré tí kì í ṣe ti olówó, fi ní odó àti ọmọ odó níwájú, bí kò tilẹ̀ ní epo tí ń dá sípíríìnì lẹ́kun. Ẹni tí ó bá ní Honda Super Cub àtijọ́, irú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1958, kí ó má ṣe tẹ̀ lé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí o, nítorí apá kékeré méjì ni ó di ẹsẹ̀ iwájú tirẹ̀ mú, odó kò sí níbẹ̀.

Kí a tó fi sípánà kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tẹ bíréèkì iwájú mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n ara yín ti hándù lọ sílẹ̀. Bí ó bá lọ gbì tí ó sì ta padà gbìgì, epo ti dínkù tàbí ó ti ṣàn bí omi. Bí ẹ bá ń tì í síwá sẹ́yìn tí ẹ sì ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, ẹ má tíì dá ṣọ́ọ̀kì lẹ́bi, nítorí ó lè jẹ́ àwọn bọ́ọ̀lù ọrùn hándù ni ó ti jẹ. Ẹ fi ìka kan sí ibi tí ọrùn náà ti pàdé férémù, ìka yín á sọ ibi tí ìró náà ti ń wá. Lẹ́yìn èyí, ẹ mú aṣọ funfun kan, kí ẹ fi nu ọmọ odó yíká. Èyí tí ó dára á fi eruku lásán sílẹ̀ lára aṣọ náà. Èyí tí síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí ń dá epo dúró lẹ́nu odó, ti já á fi òrùka epo dúdú sílẹ̀, epo yìí kò sì ní dúró síbẹ̀, yóò máa wọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odó lọ sí ibi tí bíréèkì wà, ọjọ́ tí ó bá sì dé ojú bíréèkì ni a ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúnkún ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí ni mo dé yìí. Àṣà kan wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà, pé bí ṣọ́ọ̀kì bá ti gbẹ, wọ́n á kàn tú nọ́ọ̀tì orí rẹ̀, wọ́n á sì da kọ̀ǹdẹ́mù sí i, epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ọwọ́ kò dẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọlọ́kadà kan kò lè fi ọjọ́ kan gbáko jókòó de ṣọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹdẹ́mù ní ẹ̀érí irin nínú, lẹ́búlẹ́bú tí ojú kò lè rí, ìyẹn ni yóò sì máa rin ọmọ odó àti síìlì láti inú wá, gẹ́gẹ́ bí eruku ọyẹ́ ti ń rin ín láti ìta. Tí ẹ bá fi iyanrìn sínú odó kí ẹ tó gúnyán, ta ni yóò jẹ ẹ́?

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a tú u. Ẹ fi ìtì igi tàbí àpótí tí ó lágbára ti abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀ pátápátá, kí gbogbo ìwúwo alùpùpù má sì sí lórí sípíríìnì mọ́. N kò sọ èyí láti inú ìwé. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí, mo fi ẹsẹ̀ iwájú sílẹ̀ lórí ilẹ̀, mo tẹrí ba sórí nọ́ọ̀tì òkè bí ẹni tí ó fẹ́ wo inú kànga, mo sì tú u tán. Sípíríìnì gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, ó fi gba àgbọ̀n mi, ó kọjá lọ lu páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀, adìẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì sá jáde nílé fún ọjọ́ méjì. Àpá rẹ̀ wà lágbọ̀n mi di òní. Ẹ fi aṣọ nínípọn bo nọ́ọ̀tì náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹ ti ń tú u, kí ojú yín sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọgbọ́n wà nínú ohun tí a kọ́kọ́ ń tú àti ohun tí a ń tú kẹ́yìn. Bóòtì tí ó fún ọmọ odó mọ́ orí hándù ni ẹ ó kọ́kọ́ dẹ̀, nítorí bí ó bá ṣì fún un lọ́rùn, nọ́ọ̀tì òkè kò ní gbà. Ẹ ó wá dẹ nọ́ọ̀tì òkè díẹ̀, kí ẹ má tú u tán. Bákan náà, nínú irú ṣọ́ọ̀kì tí ó ní bóòtì onígun mẹ́fà kan tí ó fara pamọ́ sísàlẹ̀ odó, bóòtì yìí ni kí ẹ dẹ̀ nígbà tí sípíríìnì ṣì wà nínú, nítorí sípíríìnì ni ó ń fi agbára rẹ̀ di ọ̀pá inú mú kí ó má yí. Ẹni tí ó bá gbàgbé, tí ó ti yọ sípíríìnì kí ó tó dé ìdí bóòtì náà, á máa yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀pá inú á sì máa bá a yí. Bí ó bá ti bọ́ sí i bẹ́ẹ̀, kí ó wá igi gbọọrọ kan, irú igi tí a fi ń ti ìgbálẹ̀ òyìnbó bọ̀, kí ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kí ó tì í bọ inú ọmọ odó títí yóò fi há mọ́ orí ọ̀pá náà, kí ẹnìkan dì í mú gírígírí, kí òun sì máa tú u nísàlẹ̀.

Epo tí yóò dà jáde lè lé yín sẹ́yìn. Tèmi dúdú, ó rùn bí ẹja tí ó ti kú sínú irà, eérú irin sì wà ní ìdí àwo tí mo fi gbà á, tí ó ń tàn yinrinyinrin bí mo ti ń mi àwo náà sí oòrùn. Kóróòmù bàbá mi ni ìyẹn, tí ó ti jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kẹrosíìnì ni kí ẹ fi fọ gbogbo nǹkan, kì í ṣe pẹtiróòlù, pàápàá bí iná obìnrin ilé kò bá jìnnà sí ibi tí ẹ jókòó sí. Ẹ to sípíríìnì méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́jú, nítorí ìbejì ni wọ́n, bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́, méjèèjì ni a ó sì pààrọ̀. Ẹ yí ọmọ odó lórí gíláàsì fèrèsé; èyí tí ó bá ti wọ́ á máa mì bí ó ti ń yí, kò sì yẹ kí àgbẹ̀dẹ kankan fi òòlù nà án fún yín.

Ọ̀rọ̀ síìlì ni mo fẹ́ kí a rọra gbọ́. Rọ́bà pẹlẹbẹ ni, ètè rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, sípíríìnì wínníwínní kan bí irun sì yí ètè náà ká láti máa fún un mọ́ ọmọ odó. Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Èjìgbò tí ó ti lo ọdún púpọ̀ ní Abidjan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ti ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, “sípì” ni ó sì ń pe síìlì títí di òní, nítorí ohun tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún nìyẹn. Bí ọmọṣẹ́ bá sì mú un bínú, Faransé ni ó fi ń bú u, kí ọmọ náà má baà mọ ibi tí èébú náà gùn dé. Òun ni ó kọ́ mi pé kí n má ṣe lọ ra síìlì lọ́wọ́ òfo. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta, àti nínípọn, ní mìlímítà. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé e, nítorí ẹni tí ó ń ta á yóò sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Láti yọ ti àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ òrùka irin tí ó lanu tí ó wà lórí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹnu odó kí irin tí ẹ fi ń wú u má baà ha á, kí ẹ sì máa wú u díẹ̀díẹ̀ yíká. Àgbà tí ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bí ẹni pé ó ti yọ síìlì rí ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi tuntun sí i, ojú tí wọ́n kọ nǹkan sí á kọ sókè, ètè onísípíríìnì á sì kọ sísàlẹ̀ sí epo; ẹ fi epo pa á, ẹ gbé síìlì àtijọ́ lé e lórí, kí ẹ sì fi páìpù rọ́bà tí ó bá fífẹ̀ rẹ̀ mu rọra lu ti àtijọ́ náà títí ti ìsàlẹ̀ á fi wọlé jókòó. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọmọ odó bọ inú síìlì, ẹ fi ọ̀rá búrẹ́dì wé ẹnu rẹ̀, ẹ fi epo pa ọ̀rá náà, kí etí irin má baà gé ètè rọ́bà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó rà. Ọgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ni èyí náà. Mo fojú di í nígbà àkọ́kọ́, síìlì kan ni ó ná mi.

Bí ìpata bá sì ti dá ihò sára kóróòmù níbi tí síìlì ń rìn, a lè fi sáńpépà tí ó kúnná jù lọ àti epo fá etí ihò náà kí ó má lè gé rọ́bà mọ́. Bí ó bá ti jinlẹ̀ débi tí èékánná ń kọ́ sí i, ẹ wá òmíràn, ìbáà jẹ́ tòkunbọ̀, nítorí síìlì tuntun lórí irin bẹ́ẹ̀, aṣọ àlà lára ẹni tí ó ń gbẹ́ kànga ni.

Ó ku epo. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé Honda ti àwọn ọdún 1970, ATF ni wọ́n dárúkọ, epo pupa tí a ń dà sí jíà ọkọ̀ tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, lónìí a sì ń rí epo ṣọ́ọ̀kì gan-an rà, tí wọ́n kọ 10 tàbí 15 sí lára. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ki ju èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré lọ, yóò sì mú kí ìdìde ṣọ́ọ̀kì lọ́ra. Ẹ má ṣe rò pé bí ó bá ti ki tó ni ó dára tó: epo tí ó bá ki jù kò ní ráyè gba ihò kọjá, ọwọ́ yín ni yóò sì gba gbogbo òkúta náà. Abẹ́rẹ́ onímílí 20 láti ilé-ìtajà oògùn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ìwé bá ní 130, ìgbà mẹ́fà àti ààbọ̀ ni, bákan náà lọ́tùn-ún bákan náà lósì. Ẹ sì kíyè sí i bóyá iye tí ìwé kọ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì tí a fọ̀ gbẹ tàbí ti èyí tí a kàn fa epo rẹ̀ yọ, nítorí díẹ̀ máa ń kù nínú èyí tí a kò tú, ìwé rere á sì kọ méjèèjì sọ́tọ̀. Àfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní àyè lókè epo. Ẹni tí ó bá kún un dé ẹnu, síìlì tuntun rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà ní kòtò àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti tò ó padà, ẹ má tíì fún nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ iwájú pa. Ẹ sọ alùpùpù kalẹ̀, ẹ di hándù mú, kí ẹ gún un bí ẹni gúnyán, lẹ́ẹ̀mẹ́fà lẹ́ẹ̀méje, kí odó méjèèjì lè rí ara wọn kí wọ́n sì dọ́gba. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fún ohun gbogbo mọ́ra, kí ẹ sì dán bíréèkì wò kí ẹ tó jáde sí títì.

Ọyẹ́ ni mo ṣe tèmi, nígbà tí eruku ọ̀dàn tí ó wà nínú orúkọ ìlú wa ń fò wọ inú ìkòkò. Mo gùn ún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì gùn ún bọ̀, mo yà sí Èjìgbò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó mú aṣọ funfun láti inú àpò rẹ̀, ó fi nu ọmọ odó lápá ọ̀tún, ó tún nu ti òsì, ó na aṣọ náà sí oòrùn: eruku ni, kò sí epo. Ó tẹ hándù mọ́lẹ̀, ó dúró wo bí ó ti rọra dìde. Lẹ́yìn náà ó sọ nǹkan kan lédè Faransé, ọmọṣẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, n kò sì tíì mọ̀ di òní bóyá ìyìn ni tàbí èébú.